Ọmọ Tí Kò Lè Wá sí Al Khan

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì, bá wa sọ níbi ìpàdé wa ní Al Khan, Sharjah. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. – Olóòtú)

  Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìlera, ọkàn rẹ̀ wà lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹgbẹ́ yìí, síbẹ̀ ẹ ò dín iyọ̀ kù. Lónìí, ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo gbé wá. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó kàn kí n tó wá, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń tú àṣírí ẹbí.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní London. Ní 1996 ó bí ìbejì, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Táyé dàgbà, ó di ọkùnrin bí gbogbo ènìyàn ti ń retí. Ti Kẹ́hìndé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kì í ṣe ọkùnrin. A rẹ́rìn-ín, a bínú, a gbààwẹ̀, a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà. Kò yí padà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ó ní òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí dókítà, òun yóò máa gbé gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Lónìí, obìnrin ni ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò pè é. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ físà London fún un, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti pẹ́ tí ó ti fojú kan àwọn ìbejì yìí kẹ́yìn. Ẹ rántí pé láti October 2022 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn físà ibí mọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà, tí kò sì ṣí títí di July 2024. Bí ó ti ṣí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Màmá yóò wá sọ́dọ̀ mi ní Al Khan ní December, àbúrò mi àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ti London wá, a ó jọ rí ara wa níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ṣe irú ètò yìí rí: Dubai ni ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà London ti pàdé.

Ní October àbúrò mi pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Kẹ́hìndé lè wá?” Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ yìí láti ìgbà tí Sheikh Zayed wà láyé, n kò mọ èsì. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo kàwé, mo bi àwọn dókítà tí a jọ ṣiṣẹ́ rí, mo lọ bá lọ́yà kan. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ilé tèmi nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya oríṣi ènìyàn méjì sọ́tọ̀ fún yín, nítorí orí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ni òfin ilẹ̀ yìí dúró lé. Èkínní ni ọmọ tí agbẹ̀bí wo ìdí rẹ̀ tí kò lè sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, tàbí tí ìta ara rẹ̀ ń sọ ọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ àti ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ ń sọ òmíràn. Khuntha ni Lárúbáwá ń pè é; takọtabo ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tiwa. Èkejì ni ẹni tí ara rẹ̀ pé, tí agbẹ̀bí kò ṣiyèméjì rárá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ni òun. Òyìnbó ń pè é ní transgender. Yorùbá kò tíì ní ọ̀rọ̀ kan fún un tí kò ní èébú nínú, nítorí náà “irú Kẹ́hìndé wa” ni n ó máa wí.

Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ yìí gbé òfin jáde lórí iṣẹ́ dókítà àti àṣìṣe wọn, òfin nọ́ńbà 4 ti ọdún náà, tí ó rọ́pò ti 2008. Abala keje rẹ̀ gbà pé dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ láti tún ìjẹ́-ọkùnrin tàbí ìjẹ́-obìnrin ènìyàn ṣe, bí ara ẹni náà bá rú ni lójú, tàbí bí ìta ara rẹ̀ bá ta ko ohun tí ẹ̀jẹ̀ àti ìṣẹ̀dá rẹ̀ fi hàn. Ìwé ìdánilójú gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ dókítà, ìgbìmọ̀ tí àjọ ìlera yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, oníṣègùn ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ múra ọkàn aláìsàn sílẹ̀. Lárúbáwá ń pe èyí ní taṣḥīḥ, ìyẹn ni àtúnṣe. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ka taghyīr léèwọ̀, èyí tí í ṣe ìyípadà. Takọtabo lè gba àtúnṣe. Irú Kẹ́hìndé wa kò lè gba ìyípadà, bí ó tilẹ̀ ní ìwé dókítà mẹ́wàá lọ́wọ́.

Kì í ṣe àlejò nìkan ni òfin yìí mú. Lẹ́yìn tí òfin náà jáde, àwọn ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta tí ìwé wọn pè ní obìnrin gba kóòtù lọ ní Abu Dhabi pé kí ìjọba ka àwọn sí ọkùnrin. Wọ́n ní ìwé dókítà lọ́wọ́, lọ́yà wọn sì fi òfin 2016 náà gan-an ṣe ẹ̀rí. Ní 2017 ilé ẹjọ́ kọ ẹ̀bẹ̀ wọn. Bí ọmọ onílẹ̀ kò bá rí i gbà, ẹ mọ ibi tí ti àlejò yóò já sí.

Ìlànà yìí kò ti Abu Dhabi bẹ̀rẹ̀. Ní 1988, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kan ní Yunifásítì Al-Azhar ní Kairo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ó sì di obìnrin. Yunifásítì kò gbà á sí ẹ̀ka ọkùnrin mọ́, wọn kò sì gbà á sí ti obìnrin. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Mùfútì àgbà ilẹ̀ Íjíbítì nígbà náà, Muhammad Sayyid Tantawi. Fátúwà tí ó kọ ní June ọdún náà sọ pé ó tọ́ láti ṣe iṣẹ́ abẹ kí ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sínú ara lè hàn síta, ṣùgbọ́n kò tọ́ láti ṣe é nítorí pé ó wu ènìyàn. Àwọn tó wà lẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní fátúwà yìí ti gbè wọ́n, àwọn tó ta kò ó náà ní àwọn ló gbè. Ní February 1989, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tí Rábítà kó jọ sí Mẹ́kà fi ìdí irú ìyàtọ̀ kan náà múlẹ̀. Ẹ̀yin aáfà tó wà láàárín wa mọ̀ ju mí lọ pé àwọn onímọ̀ àtijọ́ ti kọ̀wé púpọ̀ lórí khuntha, lórí bí yóò ti jogún àti ibi tí yóò dúró sí nínú ìrun. Ti èkejì ni wọn kò gbà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ojú kan ni gbogbo ilẹ̀ Mùsùlùmí fi ń wò ó. Ní Ìránì, láàárín ọdún 1980 sí 1989, obìnrin kan tí ń jẹ́ Maryam Khatoon Molkara lọ bá Ayatollah Khomeini fúnra rẹ̀, ó sì gba fátúwà pé òun lè yí padà. Láti ìgbà náà ni ìjọba Ìránì ti ń gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ìwé. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀ kan náà ni ó ń dájọ́ ikú fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin lò, àwọn kan sì ti sọ pé wọ́n ti àwọn sí abẹ ọ̀bẹ nígbà tí kì í ṣe ohun tí àwọn ń wá nìyẹn. Ní Kùwéètì, wọ́n ṣe òfin ní 2007 tí ó sọ fífi ara wé ọkùnrin tàbí obìnrin di ẹ̀ṣẹ̀. Ní February 2022 ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn wọ́gi lé e. Èmi kò retí pé Kùwéètì ni yóò kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀.

Èyí ni ti abẹ. Ti wíwọlé ìlú ńkọ́? Kẹ́hìndé kò ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun ní Sharjah. Ó fẹ́ rí ìyá àgbà rẹ̀ ni.

Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ yìí ti 1987, abala 359, sọ pé ọkùnrin tó bá wọṣọ obìnrin, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ wọ ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí kí ó san ìtanràn tó 10,000 dirham. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà kọ ní 2021, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú tuntun gẹ́gẹ́ bí abala 412. Bí ẹ bá kà á bí ó ti wà nínú ìwé, ibi tí obìnrin nìkan ń wọ̀ ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó gbòòrò ju bí wọ́n ti kọ ọ́ lọ. Ní August 2017 wọ́n mú ọmọ ilẹ̀ Singapore méjì nínú Yas Mall ní Abu Dhabi. Ọ̀kan jẹ́ irú Kẹ́hìndé wa, èkejì jẹ́ ayàwòrán tí wọ́n jọ wá. Ibi ìjẹun ni wọ́n wà, kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún wọn. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni wọ́n sọ ọ́ di ìtanràn, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Ọdún kan ṣáájú, August 2016, wọ́n dá Gigi Gorgeous, ọmọ Kánádà tí ayé mọ̀ lórí YouTube, dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní pápákọ̀ òfuurufú Dubai nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà.

Tiwa ní Sharjah tún le sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibí lọ ṣiṣẹ́ ní Dubai lójoojúmọ́ nítorí owó ilé, ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá ti kọjá Al Mamzar, afẹ́fẹ́ mìíràn ni. Al Khan yìí, abúlé apẹja àti àwọn tí ń wọ inú òkun wá péálì ni tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò fẹ́ kí àṣà wọn tú. Ní 2001 Sharjah ṣe òfin ìwọṣọ àti ìwà ọmọlúàbí tirẹ̀, lórí irú aṣọ tí ènìyàn lè wọ̀ jáde àti lórí ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe ẹbí tí wọ́n bá jọ wà níbi kan. Òfin àpapọ̀ àti ti Sharjah, lórí ọmọ kan ṣoṣo.

Òfin nìkan kọ́ o. Ní 2009 ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwùjọ níhìn-ín gbé ìpolongo jáde sí àwọn ọmọbìnrin tí ń múra bí ọkùnrin, àwọn tí wọ́n ń pè ní boyat. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Kò sí òfin tuntun nínú rẹ̀. Olùkọ́, ìyá, àbúrò, ọ̀rẹ́: gbogbo wọn ni wọ́n ní kí wọ́n lajú sílẹ̀ máa wò. Nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn bá wà lára ọmọ, ọmọ náà kì í wá sí ilé ìwòsàn. Mo rí àwọn tí wọ́n ń ra họ́mónù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ nípa oògùn, tí wọ́n ń lo ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń gbé wọn wá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí ẹsẹ̀, wọn kò sì ní sọ òtítọ́ fún dókítà nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Kí a má ṣe máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé onílé. Ní Nàìjíríà kò sí òfin kankan tó ṣí ọ̀nà fún irú Kẹ́hìndé wa láti pààrọ̀ ìwé rẹ̀. Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014, lórí ìgbéyàwó akọ-sí-akọ àti abo-sí-abo ni; síbẹ̀ ọlọ́pàá àti ọmọ àdúgbò kì í ya ọ̀kan kúrò lára èkejì kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè. Ní April 2022 aṣòfin kan gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní Àbújá pé kí wọ́n fi wíwọ aṣọ obìnrin fún ọkùnrin kún òfin náà, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 500,000 náírà. Àbá náà bá àwọn Yorùbá kan nínú, nítorí ó fẹ́ yọ eré orí ìtàgé sílẹ̀ lásán, wọ́n sì ń bèèrè ohun tí a ó ṣe sí ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Ẹlẹ́gùn Ṣàngó ń dirun bí ìyàwó, ó ń lé tìróò, ó ń wọ yẹ̀rì, ìyàwó òrìṣà ni wọ́n sì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ní aya àti ọmọ nílé. Ní Kétu, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ń fi ọmú àti bàbà ìdí jó láti tu àwọn ìyá wa lójú. N kò sọ pé ẹlẹ́gùn jẹ́ irú Kẹ́hìndé wa. Kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fa aṣọ tí kò tó. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa rí ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin, ilẹ̀ kò là.

Bákan náà ni èdè wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé kan ní 1997 tí ó fi hàn pé ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn ṣáájú ohun tó wà lábẹ́ aṣọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bá a jiyàn, mo sì rò pé ó sọ àsọdùn níbì kan. Ṣùgbọ́n ní ilé wa mo rí i pẹ̀lú ojú mi. “Ó ti dé.” “Ó ti jẹun.” Ta ni ó? Ọkùnrin? Obìnrin? Èdè kò bèèrè. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò ni àbúrò. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjà ìyá àti ọmọ lórí ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti tú ilé púpọ̀ ká. Àbúrò mi ní ní London, bí òun bá ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti ọmọ òun á bẹ̀rẹ̀ ìjà, bí àwọn bá padà sí Yorùbá, ìjà á parí. Orúkọ pàápàá kò dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá orúkọ tuntun kiri. Tirẹ̀, Kẹ́hìndé ni ó gbé wá láti ọ̀run, Kẹ́hìndé kò sì ní akọ tàbí abo.

Mo pe àbúrò mi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà. Mo ní, “Má mú un wá.” Ìwé ìrìnnà rẹ̀ lè gbé e kọjá, ó sì lè má gbé e kọjá, àti pé bí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀ka ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè yọ òfin onílẹ̀ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ro ti Màmá tí yóò jókòó sí pápákọ̀ òfuurufú máa dúró. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ gba fóònù. Ó ní, “Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá?” Mo ní èmi ni. Ó ní ó dáa. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé bí wọ́n bá tún bi mí lọ́la, ohun kan náà ni n ó sọ.

Màmá dé. Àbúrò mi dé pẹ̀lú Táyé nìkan. A ti jọ pinnu pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí Kẹ́hìndé ráyè ni a ó wí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti mọ àṣìṣe tí a ṣe. Ìbejì ni a ń sọ. Màmá rí ọ̀kan láìsí èkejì, ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan, a ní iṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ kejì kò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́. Ní òru mo gbọ́ tí ó ń sọkún nínú yàrá. Mo wọlé tọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Má tàn mí. Ṣé Kẹ́hìndé ti lọ?”

Ikú ni ó rò. A kò sọ òtítọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́, a sì gbé òkú ọmọ tó wà láàyè ka iwájú rẹ̀.

Òru ọjọ́ náà ni a pe London. Ago mẹ́rin ìyàtọ̀ ni. Wọn kò tíì sùn níbẹ̀. Mo ti sọ fún Màmá kí a tó pè, bí mo ti lè sọ ọ́, ní èdè Ìjẹ̀bú, pé Kẹ́hìndé wà láàyè, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n obìnrin ni yóò rí. Màmá kò dá mi lóhùn. Kẹ́hìndé yọ lójú fóònù, pẹ̀lú yẹtí kékeré létí. Ó fẹ́ kí ìyá àgbà rẹ̀, ni ara rẹ̀ bá dúró gbagidi. Mo rí ohun tó ṣe é. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀, ó ti sẹ́ ara rẹ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá Màmá yóò gbojú kúrò. Gbogbo ohun tí èdè wa kò bèèrè, orúnkún bèèrè rẹ̀.

Màmá wò ó títí. Ó ní, “Jókòó, jẹ́ kí n rí ojú rẹ.” Kẹ́hìndé jókòó. Màmá ní, “Ojú ìyá rẹ lo gbé yìí. Ṣé o ń jẹun?”

Kí ẹ má bàa rò pé ìtàn dídùn ni mo sọ fún yín: ní ọjọ́ kejì Màmá bi mí bóyá àdúrà lè yí i padà. Mo ní a ti gbà á. Ó ní kí a máa gbà á lọ. Títí tí ó fi padà sílé, kò pè é ní ọkùnrin, kò sì pè é ní obìnrin. “Èkejì Táyé” ni ó ń wí. Ṣùgbọ́n ó jẹun.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ má rò pé gbogbo ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó jẹ́ kí ènìyàn gba ìwé tuntun ní 2004, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti dá wọn lẹ́bi ní 2002. Ní April 2025 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ pé nínú òfin ìdọ́gba, ohun tí wọ́n bí ènìyàn ní ni a ó fi ka obìnrin. Ìlà láti rí dókítà gùn tó ọdún púpọ̀. Ní December 2024 ìjọba wọn sọ òfin tó dáwọ́ oògùn ìdádúró bàlágà dúró fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún di èyí tí kò ní gbèdéke. Ní Amẹ́ríkà, ní June 2025, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ jẹ́ kí òfin Tennessee, tí ó ka irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọmọdé, dúró. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń yí padà lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ẹ gbọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gba ọmọ nímọ̀ràn.

Ohun mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, nítorí nọ́ọ̀sì ni mí, n kò lè sọ̀rọ̀ kí n má fi ti oògùn kún un. Bí ẹ bá bí ọmọ níhìn-ín tí dókítà ní ìdí rẹ̀ kò dá òun lójú, ẹ má gbé e pamọ́, ẹ má sì gbé e sá lọ sí Nàìjíríà. Òfin 2016 wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Òmíràn nínú irú àìsàn yìí tilẹ̀ ń mú kí iyọ̀ ara ọmọ ṣòfò, ọmọ sì lè kú ní ọ̀sẹ̀ méjì bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì kánjú sí abẹ. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó lè dúró títí ọmọ yóò fi lè sọ tẹnu rẹ̀.

Bí ẹbí yín tó ń lo họ́mónù bá fẹ́ gba ibí kọjá, kódà bí ó bá jẹ́ láti yí ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni, kí ó wò bóyá oògùn náà wà lára èyí tí ìjọba ibí ń ṣàkóso, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda wọn kí ó tó gbéra. Èyí kan oògùn oorun àti oògùn ìrora tiyín náà o.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ yín kò bá lè wá síbí, ẹ wá ibòmíràn pàdé rẹ̀. Àbúrò mi àti èmi ti ń ka owó. Àwọn ìlú tí físà wọn ṣeé gbà fún arúgbó láti Nàìjíríà kò pọ̀, èyí tí Kẹ́hìndé náà lè wọ̀ láìsí ìbẹ̀rù tún dín wọn kù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọ̀kan tí owó ọkọ̀ rẹ̀ kò pa ènìyàn, kí ó sọ fún mi. Màmá kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Mo rí i tí alága ń wo aago. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi níwájú gbogbo ènìyàn, inú ilé ìdáná ni n ó wà títí wọn yóò fi bu oúnjẹ tán.